Bàtà Ẹsẹ̀ Kan Létí Odò Ìsàlẹ̀

Gbogbo Fìdítì ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Bàbá Mùtàlíbù bẹ́ sódò tòun ti aṣọ Jímọ́ọ̀. Kò sí agboolé tí wọn ò ti sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ tí kì í fi díẹ̀ kún un. Èmi ò ní fi nǹkan kan kún un, torí mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe.

Oṣù kẹjọ ọdún 1974 ni. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sáláṣí dé, agbádá funfun wà lọ́rùn rẹ̀, fìlà wà lórí, ó sì wọ bàtà dúdú kan tó máa ń nù kó tó wọ̀ ọ́, tó sì tún máa ń nù lẹ́yìn tó bá bọ́ ọ. Àwa ọmọ ti jáde nínú odò, a ń gba bàtà wa lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí gbogbo wa gbà á tán, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣẹ́kù lórí pákó tó ń tò wọ́n sí. Bàbá wo bàtà náà, ó wo ojú odò, ó tún wo bàtà. Kò bọ́ agbádá, kò ṣí fìlà. Ó kó sínú odò gbàmù, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ lúwẹ̀ẹ́ rárá.

Sìrájù tó ń la igi nítòsí ló sáré wọ́ ọ jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ́ ọ jáde, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá já mọ́ ọn lọ́wọ́ tó sì tún padà sínú omi. Ẹni tó ni bàtà ọ̀hún, Olúkáyọ̀dé ọmọ Tíṣà, ti délé wọn nígbà yẹn. Ó jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń jẹ ọsàn. Ọsàn Bàbá Mùtàlíbù ni.

Ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín jù nìyẹn. Wọ́n á ní, ẹ ẹ̀ rí ahun, ọsàn mẹ́rin péré ló tìtorí ẹ̀ lé olè wọ odò. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ṣì ń pa mí báyìí tí mo ń kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ohun tí kì í ṣe ẹ̀rín tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni, oko ọsàn rẹ̀ sì wà létí odò tí a ń pè ní Odò Ìsàlẹ̀. Afura lorúkọ tí ìlú ń pè é lẹ́yìn, àwọn tí kò bẹ̀rù rẹ̀ sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú. Kò sí ohun tí kò fura sí. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ gbójú sókè wo ibi tí oòrùn dé kó tó dá yín lóhùn. Bí ẹ bá bu omi fún un, á ní kí ẹ mu díẹ̀ níbẹ̀ ná. Sàúdátù ìyàwó rẹ̀ ti bá a gbé lé ní ogún ọdún, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń tọ́ ọbẹ̀ wò níwájú rẹ̀ kó tó gbà láti bu òkèlè.

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mò ń jẹun lójúmọ́ nítorí ọkùnrin yìí," ni Sàúdátù máa ń wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta tirẹ̀. Ẹ ò rí i bí mo ṣe sanra."

Lọ́dún 1972, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò fi apá òsì títì sílẹ̀ kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, rédíò ti fi ọ̀rọ̀ náà pariwo títí. Bàbá gbọ́, kò gbà. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sétí títì tó wá láti Ìbàdàn, ó jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Lọ́jọ́ kẹta, awakọ̀ kan tó ti rí i nígbà tó ń lọ, tó tún rí i nígbà tó ń bọ̀, dúró bá a.

"Bàbá, ta lẹ ń dúró dè láti ìjẹta?"

"Mi ò dúró de ẹnì kankan. Ẹ̀yin ni mò ń wò."

"Kí lẹ ń wò lára wa?"

"Ọjọ́ tí ẹ máa tún un yí padà."

Fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, bó bá fẹ́ sọdá títì, á wo òsì, á wo ọ̀tún, á sì tún wo ẹ̀yìn, kó má lọ jẹ́ pé wọ́n ti mú ibòmíràn láìsọ fún un.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń ka ènìyàn fún ìjọba dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tòun ti ìwé gbàǹgbà. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èèyàn mélòó ló ń gbé inú ilé yìí?"

"Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Ìjọba fẹ́ mọ iye wa ni, sà."

"Ìjọba fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ta ló kà á?"

Àwọn ọmọkùnrin náà wo ara wọn lójú. Mi ò dá Bàbá lẹ́bi lórí ìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà ìgbà náà ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nawọ́ sí ọmọ wọn kó máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbà pé ẹni tó ń ka ọmọ ọlọ́mọ, ó ń wá bí iye rẹ̀ ṣe máa dín ni. Ìyá tèmi lára wọn, ó lè bá ènìyàn jà torí ẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ lọ́dọ̀ Bàbá ni pé ó wá ọgbọ́n sí i. Ó wọlé, ó bu ekùrọ́ sínú abọ́, ó gbé e síwájú wọn.

"Ẹ ka ekùrọ́ yìí. Ẹ má ka ènìyàn."

Wọ́n kà á, ó jẹ́ mẹ́jọ. Wọ́n ní, "Bàbá, ṣé mẹ́jọ lẹ jẹ́ nínú ilé yìí?" Ó ní, "Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kà á." Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó tún àwọn ekùrọ́ náà kà, bóyá wọ́n ti mú ọ̀kan lọ.

Nígbà tí a bá gba ọlidé gígùn, bàbá mi á fi mí sínú bọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ó di ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá mi ní Fìdítì. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Oṣù kẹjọ dùn níbẹ̀. Òjò á dá díẹ̀, omi Odò Ìsàlẹ̀ á mọ́ débi pé a máa ń rí ẹja wẹ́wẹ́ tó ń sá láàárín ẹsẹ̀ wa. Àwọn ìyá á sá aṣọ sórí àpáta, ọsàn àkọ́so á ti máa pọ́n lóko Bàbá, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo etí odò. Láti ìgbà náà títí dòní, mi ò tíì rí ibi tí ara ti tù mí tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kan ló wà. Ibi kan ṣoṣo tí odò náà ti ṣe é wẹ̀, inú oko Bàbá Mùtàlíbù lọ̀nà rẹ̀ gbà. Ẹnu ọ̀nà náà ló sì jókòó sí, tòun ti pákó gígùn kan tó tẹ́ sórí òkúta méjì. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ gbọ́dọ̀ fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá ní bàtà, á fi fìlà tàbí gèlè sílẹ̀.

"Bó o bá fẹ́ kó ọsàn mi sá lọ," á ní, "ẹsẹ̀ kan lo máa fi tiro délé."

Bí a bá ń padà bọ̀, kò ní dá bàtà padà títí á fi gbóòórùn ọwọ́ wa. "Na ọwọ́," á wí. A ó nà án, á gbé e dé imú, á dijú. Òórùn èèpo ọsàn kì í tètè kúrò lọ́wọ́, gbogbo wa la mọ̀. A fi iyanrìn fọ ọwọ́, a fi ewé nù ún, kò ṣiṣẹ́. Abọ́sẹ̀dé ìbátan mi wá fi karosíìnì pa tirẹ̀ lọ́jọ́ kan, inú rẹ̀ dùn, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i láìjẹ́ pé wọ́n ní kó nà án. Bàbá gbóòórùn rẹ̀.

"Karosíìnì ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Àtùpà wà nínú odò báyìí?"

Gbogbo wa la ti rò pé ọsàn ló ń ṣọ́. Kò sì sí ẹni tó máa rò ó sí nǹkan mìíràn.

Ẹni tó kọ́kọ́ rò ó sí nǹkan mìíràn ni Beatrice ìyàwó Tíṣà, Màmá Káyọ̀dé. Aránṣọ ni, onítẹ̀bọmi ni, ojú rẹ̀ sì mú. Ó ti kíyè sí i pé bí Bàbá bá ti gbé àwọn bàtà náà kalẹ̀, á máa fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ á sì máa jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn, á tún ṣe é. Ó sọ fún àwọn ìyá yòókù. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn létí odò. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ń sọ pé Afura ń pe nǹkan sí bàtà ọmọ àwọn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan ti ní òun mọ ọmọ kan ní Akinmọ́rìn tí wọ́n fi bàtà rẹ̀ mú lọ. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ìyá mọ́kànlá ti wà níwájú Baálẹ̀ àdúgbò, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Bàbá.

Àwa ọmọ ti rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé níta.

"Mùtàlíbù," ni Baálẹ̀ wí, "kí lo ń fi bàtà àwọn ọmọ yìí ṣe?"

"Mò ń tọ́jú ẹ̀ ni, Baálẹ̀."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ kan?"

"Ẹni tó bá wọ méjèèjì lè sáré."

Màmá Káyọ̀dé dìde. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ẹnu yín máa ń mì sí bàtà náà, mo fojú ara mi rí i. Kí lẹ máa ń wí?"

Bàbá Mùtàlíbù yíjú kúrò lọ́dọ̀ obìnrin náà. Ó wo Baálẹ̀, ó wo àwọn obìnrin, ó wo ilẹ̀. A rò pé á bínú. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti rọ̀ mọ́ fèrèsé dáadáa ká tó gbọ́.

"Ẹ má lé mi kúrò níbẹ̀," ó ní. "Bó bá jẹ́ ti ọsàn, ẹ ká a. Ẹ ká gbogbo rẹ̀. Kí ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa jókòó síbẹ̀ tí àwọn ọmọ bá ń wẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ba tirẹ̀ jẹ́. Ọkùnrin tí kò fi ọsàn kan tọrẹ rí láyé rẹ̀ wá ń ní kí wọ́n kó gbogbo oko. Ẹ̀rù ba àwọn ìyá náà gidi gan-an. Kódà Baálẹ̀ fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ó wá pàṣẹ pé láti Sátidé, Mùtàlíbù ò gbọ́dọ̀ jókòó sétí odò mọ́ nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ bá wà níbẹ̀. Bàbá kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, kó tó máa lọ.

Àwọn ìyá wa ní ká má ṣe lọ sódò lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e. A lọ. Ọlidé kù díẹ̀ kó parí, omi sì mọ́.

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí Bàbá fi ti mọ́sáláṣí wá tààrà láìlọ bọ́ṣọ. Ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ níbẹ̀ ni. Kò tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni wíjọ́ lọ́jọ́ náà, ó ṣáà gba bàtà, ó tò wọ́n, ó jókòó. Olúkáyọ̀dé sì rí i pé ọkàn Bàbá kò sí lára ọsàn. Ó yọ́ jáde nínú omi, ó ká mẹ́rin, ó jẹ ọ̀kan níbẹ̀. Lẹ́yìn tó jẹ ẹ́ tán ló wá rántí ọwọ́ rẹ̀. Kò lè na ọwọ́ yẹn sí Bàbá láyé. Ó gba ẹ̀yìn oko lọ sílé, ó fi bàtà sílẹ̀.

Mo ti sọ bí Bàbá ṣe kó sódò. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn náà kì í sọ ni ohun tó ń wí nígbà tí Sìrájù ń wọ́ ọ jáde. Omi ń tú lẹ́nu rẹ̀, ó ń wúkọ́, ó ń jà, ó ń wí pé, "Ọmọ kan ṣì wà nínú rẹ̀. Fi mí sílẹ̀. Ọmọ kan ṣì wà nínú rẹ̀."

Ariwo ti gba ibẹ̀, àwọn ìyá ti ń sáré bọ̀. Màmá Káyọ̀dé ló ṣáájú. Ó rí bàtà tó wà lórí pákó, ó sì dá a mọ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló fi òwú ìránṣọ rán okùn rẹ̀ tó já. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sí ojú omi. Sìrájù bẹ́ sínú odò fúnra rẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ìsàlẹ̀. Àwa ọmọ ń sunkún. Ní ti tòótọ́, mi ò fẹ́ràn láti máa rántí ibẹ̀ yẹn.

Ìgbà náà ni Olúkáyọ̀dé gba àárín igi ọsàn yọ sí wa, omi ọsàn wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ariwo ló gbọ́ tó ní kóun wá wò.

"Màmá," ó ní, "ta ló kú?"

Ìyá rẹ̀ gbá a létí, ó dì mọ́ ọn, ó tún gbá a létí. Nígbà tó fi í sílẹ̀, Bàbá ti dìde, omi ń kán lára agbádá, fìlà ti bá odò lọ. Ó rìn lọ bá ọmọ náà. Gbogbo wa ń dúró de ìgbátí kẹta. Bàbá di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó gbé e dé imú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọsàn ni," ó ní. Ó sì jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Màmá Káyọ̀dé gba agbádá náà lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun á fọ̀ ọ́. Bàbá fẹ́ kọ̀, ó ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Obìnrin náà kò lọ. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí iyanrìn, ó tún bi í ní ìbéèrè tó bi í níwájú Baálẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn yẹn ló fi bi í mọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dúró sí, mo gbọ́ ọ.

"A máa ń wẹ̀ níbí nígbà tí a wà lọ́mọdé," ni Bàbá wí. "Lọ́jọ́ kan, àwa mẹ́sàn-án la wá. A wẹ̀ tán, a forin bọnu, a lọ sílé. Àwọn ìyá wa rí wa, wọ́n ní ẹ kú àbọ̀. Ta ló fẹ́ ka ọmọ ọlọ́mọ? Ìgbà tí wọ́n ń bu oúnjẹ ni abọ́ kan ṣẹ́kù. Àlàkẹ́ ló ni ín, àbúrò mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni."

Màmá Káyọ̀dé di agbádá náà mọ́ àyà.

"Mi ò lè ka ọmọ yín. Ẹ ò ní gbà fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ pé èèwọ̀ ni kéèyàn ka bàtà."

Ní Sátidé, tí àṣẹ Baálẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá ni wọ́n fúnra wọn mú wa lọ sódò, Bàbá kò sì sí níbẹ̀. Wọ́n ní láti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Màmá Káyọ̀dé gbé agbádá tó ti lọ̀ dáni, ó sì din àkàrà. Bàbá wo agbádá náà tẹ̀yìn tiwájú, ó tú àpò rẹ̀ wò. Ó wá wo àkàrà.

"Tọ́ ọ wò ná," ó ní.

Màmá Káyọ̀dé jẹ ọ̀kan. Bàbá ṣì ń wò ó.

"Òmíràn. Èyí tó wà nísàlẹ̀."

Ó jẹ ìyẹn náà. Bàbá wá dìde, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó ń bi Sìrájù tó bá wọn wá léèrè lábẹ́lẹ̀ pé kí ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ń wá lọ́wọ́ òun gan-an.

Ọlidé mẹ́rin mìíràn ló tún fi jókòó síbẹ̀. Ọsàn rẹ̀ kò di ọ̀fẹ́ o, kò sì yé gbóòórùn ọwọ́ wa. Àwa la yí padà. Olúkáyọ̀dé kò jí ọsàn mọ́, kódà òun ló ń bá Bàbá to bàtà. Ìgbà ọyẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979 ni àìsàn gbé e dè. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ara rẹ̀ á yá. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ló kú, wọ́n sì sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ní ìlú kò tíì rí ìsìnkú tí ọmọdé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti dàgbà nígbà tí ọlidé tó tẹ̀ lé e fi dé, èmi ni mò ń mú àwọn àbúrò mi lọ wẹ̀. Ẹnu ọ̀nà oko ṣófo. Kò sẹ́ni tó béèrè bàtà lọ́wọ́ wa, a kàn wọlé báyìí, ojú sì ń tì mí, mi ò mọ ìdí. Kò pẹ́ ni Màmá Káyọ̀dé dé, ó gbé àga, ó fi aṣọ tó ń rán lé itan, ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde nínú omi, ó dìde. Ó na ìka sí wọn, ní gbangba, lójú gbogbo àwọn ìyá tó ń fọ aṣọ lórí àpáta, ó sì gbé ohùn sókè.

"Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin."

Àwọn ìyá gbórí sókè. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń dúró de ẹni tó máa bínú. Wọ́n tún padà sí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀. Ó kà wọ́n títí dé mọ́kàndínlógún.

"Wọ́n pé," ó ní.

Sàúdátù opó Bàbá wà níbẹ̀, ó ń fún aṣọ. Kò gbójú sókè.

"Ẹ tún wọn kà," ó ní. "Bàbá ò lè gba ẹ̀ẹ̀kan yẹn gbọ́."

Màmá Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení.